Wáyà Tẹlifíṣọ̀n: Bí A Ṣe Ń Nà Án àti Bí A Ṣe Ń So Ó Pọ̀



Bí ẹ bá ní tẹlifíṣọ̀n nínú ilé, ẹ lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí ẹ̀yìn dikódà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí wáyà kan tó rí roboto, tó sanra tó bírò tí ẹ fi ń kọ̀wé. Ó lè dúdú, ó lè funfun. Ó gba ojú fèrèsé tàbí abẹ́ páànù jáde, ó lọ sí ibi tí abọ́ díìṣì tàbí eríà wà. Ẹ fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀ kúrò. Ẹ wò ó dáadáa. Ìwé wà lára rẹ̀.

Lẹ́tà kéékèèké ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára rọ́bà náà láti orí dé ìdí. Ẹ lè rí RG6 níbẹ̀. Ẹ lè rí RG59. Ẹ lè rí 75, kí àmì kan tó dà bí irin ẹsẹ̀ ẹṣin sì tẹ̀ lé e. Lẹ́tà àti iye wọ̀nyí kò pọ̀, ṣùgbọ́n owó wà nínú kíkà wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀. Ní ọdún kan tí kaṣú ṣe dáadáa, ó ta tirẹ̀ tán, ó fi owó rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n àti díìṣì. Ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ ìròyìn, òun kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ máa sáré lọ sí ilé onílé lóru nítorí bọ́ọ̀lù. Igi máńgòrò ńlá kan wà níwájú ilé rẹ̀ níhà ìlà-oòrùn. Nítorí igi yìí, wọ́n gbé díìṣì lọ sí ìpẹ̀kun àgbàlá, níbi tí ewé kò ti ní dí i lójú. Wáyà mítà 40 ni ó gbà. Ẹni tó ta wáyà náà fún un ní ọjà sọ pé, “Màmá, ojúlówó nìyí o. Ẹ má bẹ̀rù.” Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì mọ̀wé kà nígbà náà. Ó rí i pé wáyà náà funfun, ó sì ń dán. Ó sanwó.

Láti ìgbà náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwòrán a máa dára díẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, àwòrán yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, yóò dúró gbagidi, lẹ́yìn náà gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n yóò ṣókùnkùn. Òjò yóò dá, ọjọ́ méjì yóò kọjá, àwòrán kò ní padà. Oníṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gba owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó yí abọ́ díìṣì sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó pààrọ̀ orí díìṣì. Kò wo wáyà rárá.

Èmi ni mo wá tọ wáyà náà láti ìdí dé orí. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ní gbangba, mo rí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Wọ́n lọ́ wáyà méjì mọ́ra wọn bí ẹni ń lọ́ okùn, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì fi òwú dì í. Nígbà tí mo tú ọ̀rá náà, omi dà sí mi lọ́wọ́.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ WÁYÀ NÁÀ

Kí ẹ lè mọ ìdí tí omi àti ìsopọ̀ burúkú fi ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ inú wáyà náà. Ẹ mú ègé kan tí kò wúlò mọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú, kí ẹ wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú iṣu tí a gé.

Ní àárín gbùngbùn, wáyà pupa kan wà tó le. Bàbà ni, tàbí irin tí a fi bàbà bò. Ohun funfun kan yí i ká, ó rọ̀ bíi fóòmù. Lórí fóòmù yìí, bébà dídán kan wà bí èyí tó máa ń wà nínú páálí sìgá. Lórí bébà náà ni àwọ̀n wà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun mọ́ra wọn. Rọ́bà ni ó wá bo gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe wáyà kan. Wáyà méjì ni. Ọ̀kan wà ní àárín, èkejì yí i ká bí ìgbà tí ìyá gbá ọmọ mọ́ra. Kébù coaxial ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orúkọ náà túmọ̀ sí pé àárín kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Wọ́n jọ ń rìn láti díìṣì dé inú ilé, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn níbikíbi. Fóòmù ni ó là wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú bàbà àárín ni àmì tó ń gbé àwòrán àti ohùn wá ń gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú fóòmù ni ó ń gbà, láàárín bàbà àti àwọ̀n. Awọ ara bàbà nìkan ni ó ń lò. Ìdí nìyí tí irin tí a fi bàbà bò fi lè ṣe iṣẹ́ náà. Àwọ̀n náà dà bí ọgbà yí oko ká. Kò jẹ́ kí àmì jáde lọ, kò sì jẹ́ kí ariwo tó ń ti ara jẹnẹrétọ̀, fóònù àti wáyà iná wá wọlé bá a.

Iye 75 tí ẹ kà lára wáyà ni ìwọ̀n ọ̀nà náà. Ohm ni orúkọ òṣùwọ̀n yìí, àmì rẹ̀ sì ni irin ẹsẹ̀ ẹṣin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Orí díìṣì, wáyà, kọnẹ́kítọ̀ àti dikódà, 75 ni wọ́n ṣe gbogbo wọn sí. Bí ìwọ̀n yìí bá yí padà lójijì lójú ọ̀nà, bóyá ìṣó gún wáyà náà, tàbí ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ títí fóòmù fi rún, apá kan nínú àmì yóò fò padà síbi tó ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ti ké sí ẹnìkejì rẹ̀ nídìí àpáta ní ilẹ̀ Ìjùmú wa yìí, tí ohùn rẹ̀ sì padà wá bá a, ti mọ bí ó ti rí.

Wáyà yìí kì í ṣe ohun àná. Oliver Heaviside, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1880. Ní 1929, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Lloyd Espenschied àti Herman Affel, tún un ṣe kí ó lè gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1956, irú rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun láti Scotland dé Kánádà kí àwọn ènìyàn lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Níhìn-ín ní tiwa, WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October, 1959. Ẹkùn Àríwá ni Kàbà wà nígbà náà, Kàdúná ni tẹlifíṣọ̀n ti Àríwá sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Àwọn àgbà tó rí tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn yóò rántí wáyà pẹlẹbẹ kan tó máa ń ti ara eríà bọ̀, tí irin méjì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Kò ní àwọ̀n kankan. Bí alùpùpù bá kọjá lójú títì, àwòrán a máa gbọ̀n. Ọgbà ni wáyà náà kò ní.

BÍ A ṢE Ń RÀ Á

Kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ fi okùn wọn ọ̀nà tí wáyà yóò gbà, láti ara díìṣì títí dé ẹ̀yìn dikódà, gbogbo igun ògiri pẹ̀lú. Ẹ fi mítà méjì kún un. Ẹ kọ iye náà sínú ìwé. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n, ó lè ku mítà mẹ́ta, mítà mẹ́ta yẹn ni yóò sì mú kí ó máa so wáyà pọ̀ nígbà tí kò yẹ.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ ka ara wáyà. Fún díìṣì, RG6 ni kí ẹ rà. RG59 tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Bàbà àárín RG6 tó mílímítà 1, ti RG59 kò ju bíi mílímítà 0.8 lọ. Ó jọ pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àmì díìṣì máa ń rẹ̀ kíákíá nínú wáyà. Nínú RG6 tó dára, àmì díìṣì tó wà lókè pátápátá lè pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀ láàárín mítà 10. Mítà 10 mìíràn yóò tún gba ìdajì èyí tó kù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí ó bá fi máa rin mítà 40, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ni yóò dé ilé. Orí díìṣì ní ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún àmì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, òun ni kò jẹ́ kí ó tán pátápátá. Nínú RG59, ó ń tán ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni wọ́n tà fún ẹ̀gbọ́n mi. Bí eríà ni ẹ ń lò, bóyá ti NTA tàbí ti GOtv, àmì tirẹ̀ kì í tètè rẹ̀ tó ti díìṣì. Síbẹ̀, RG6 náà ni ó sàn.

Ẹ má gba ìwé ara wáyà gbọ́ nìkan o. Ẹni tó lè ṣe wáyà burúkú lè tẹ ìwé tó dára sí i lára. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó gé ẹnu rẹ̀ díẹ̀ fún yín. Ẹ wo àwọ̀n inú rẹ̀. Bí ó bá nípọn, tó bo bébà dídán náà dáadáa, ó dára. Bí ó bá jẹ́ wáyà mẹ́ta mẹ́rin péré ló fọ́n káàkiri bí irun orí arúgbó, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Èyí tó dúdú ni kí ẹ rà fún ìta, nítorí oòrùn kì í tètè ba rọ́bà dúdú jẹ́. Rọ́bà funfun máa ń là bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn, omi a sì gba ojú rẹ̀ wọlé.

KÍ Ẹ TÓ GUN ÒKÈ

Ibi yìí ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo òkè kí ẹ tó gbé òpó eríà tàbí àkàsọ̀ irin dúró. Wáyà iná ìta, èyí tí gbogbo wa ṣì ń pè ní wáyà NẸ́PÀ, kò ní rọ́bà lára lọ́pọ̀ ibi. Èyí tó ga jù nínú wọn ń gbé agbára folti 11,000 tàbí 33,000. Bí òpó irin bá kàn án, ẹni tó di òpó náà mú kò ní rí àyè jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí òpó yín bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ẹ gbìn ín síbi tó jìnnà sí wáyà NẸ́PÀ ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, kí ó má lè kàn án bí atẹ́gùn bá wó o. Ẹ má sọ pé iná ti lọ. Wọn kì í ránṣẹ́ kí wọ́n tó mú un dé.

Bí òjò bá ṣú, tí àrá ń sán, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà díìṣì, yálà nínú ilé tàbí ní ìta. Kí òjò tó dé, ẹ yọ wáyà náà kúrò lẹ́yìn dikódà, ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì iná kúrò lára ògiri. Bí àrá bá ti ń sán lórí ilé, ó ti pẹ́ jù, ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Òpó irin gíga yẹ kí ó ní wáyà bàbà tó sanra tó so ó mọ́ irin tí a gbìn sínú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná bá yín ṣe èyí.

Ọ̀kan kù. Dikódà ń fi iná kékeré ránṣẹ́ sí orí díìṣì nínú wáyà yìí kan náà, folti 13 tàbí 18. Kò lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n bí bàbà àárín bá kan àwọ̀n nígbà tí dikódà ń ṣiṣẹ́, dikódà náà lè bàjẹ́. Ẹ yọ iná rẹ̀ kúrò kí ẹ tó tú ohunkóhun.

BÍ A ṢE Ń NÀ ÁN

Ọ̀nà tó kúrú jù ni kí wáyà gbà, bí kò bá léwu. Ẹ má fi ìṣó kàn án mọ́ igi bí ẹni kan awọ mọ́lẹ̀. Kílíìpù tó ní ẹnu roboto wà ní ọjà. Kí ó di wáyà mú, kí ó má fún un lọ́rùn. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní igun ògiri, kí ó tẹ̀ bí etí àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń gbé ife tíì. Bí ó bá ṣẹ́ bí orúnkún, fóòmù ti rún nìyẹn, ẹ kò sì lè tún un ṣe.

Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà iná inú ilé. Kí wọ́n má jọ rìn pọ̀ nínú páìpù kan. Bí wọ́n bá gbọdọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dá èkejì kọjá bí àgbélébùú, kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹnu páànù mú bí abẹ. Níbi tí wáyà bá ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ fi ègé rọ́bà wé e. Nínú àjà, eku ni ọ̀tá rẹ̀. Nílẹ̀, ọkọ́ ni, àti ewúrẹ́ tí kì í mọ̀ pé wáyà kì í ṣe koríko. Bí ó bá gbọdọ̀ gba inú ilẹ̀, ẹ fi sínú páìpù.

Kí ó tó wọlé lára ògiri, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè wọ inú ihò. Omi òjò máa ń tọ wáyà bọ̀ bí ènìyàn ti ń tọ ọ̀nà. Bí ó bá dé ibi tó rọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni yóò ti kán sílẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò tọ̀ ọ́ wọ inú pálọ̀. Ẹ lu ihò ògiri náà kí ó dagun sí ìta.

BÍ A ṢE Ń SO Ó PỌ̀

Ìsopọ̀ tó dára jù ni èyí tí kò sí. Wáyà kan láti díìṣì dé dikódà ni kí ẹ gbìyànjú láti ní. Gbogbo ibi tí a bá ti so ó ń jẹ díẹ̀ nínú àmì, ibẹ̀ sì ni omi ń wá.

Àwa tí a mọ bí a ti ń so wáyà gílóòbù, a rò pé bákan náà ni. A ó lọ́ àárín mọ́ àárín, a ó lọ́ àwọ̀n mọ́ àwọ̀n, a ó fi téèpù wé e, ó parí. Fún gílóòbù, ó tó. Fún àmì tẹlifíṣọ̀n, kò tó rárá. Níbi tí ẹ ti lọ́ ọ, ọgbà náà ti ya. Àmì ń jáde, ariwo ń wọlé, ìwọ̀n 75 ti yí padà. Ìdí nìyí tí a fi ń lo kọnẹ́kítọ̀, irin kékeré tó ní ìlà wínníwínní nínú, tí a ń yí bí ẹni yí ìdérí ìgò.

Ẹ mú ẹnu wáyà náà. Ẹ fi abẹ tàbí ọ̀bẹ kékeré yí rọ́bà òde ká ní ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù, kí ẹ má gé àwọ̀n inú. Ẹ fa rọ́bà náà kúrò. Ẹ ká àwọ̀n sẹ́yìn, kí ó sùn lé orí rọ́bà, yíká yíká. Ẹ wá gé bébà dídán àti fóòmù yíká, kí ẹ sì fà wọ́n yọ, kí fóòmù bíi mílímítà 6 kù lẹ́yìn ibi tí rọ́bà parí, kí bàbà tó kù sì wà ní ìhòòhò. Bí abẹ bá ha bàbà náà, yóò kán níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí fóòmù bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi èékánná yín họ ọ́ kúrò. Ẹ má fi abẹ họ ọ́, awọ ara bàbà ni àmì ń gbà.

Nísinsin yìí, ẹ dúró kí ẹ wò ó dáadáa. Ṣé òwú àwọ̀n kan kò yọ́ wá kan bàbà àárín? Òwú kan péré, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, tó láti sọ tẹlifíṣọ̀n di òkú. Nínú gbogbo wàhálà wáyà tí mo ti rí, èyí ni ó pọ̀ jù. Bí ojú yín kò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ pe ọmọ kan kí ó bá yín wò ó.

Ẹ ti kọnẹ́kítọ̀ wọ̀ ọ́, kí ẹ máa yí i sápá ọ̀tún, kí ó máa mú rọ́bà àti àwọ̀n tí ẹ ká sẹ́yìn. Ẹ máa wo inú rẹ̀ láti iwájú. Nígbà tí fóòmù funfun bá dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ inú kọnẹ́kítọ̀, ẹ dúró. Kí bàbà yọ jáde ní ẹnu rẹ̀ ní mílímítà 2 tàbí 3. Bí ó bá gùn jù, ẹ gé e. Bí ó bá kúrú jù, kò ní dé ibi tó ń lọ, ẹ gé ẹnu wáyà kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á díẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, kò bá wáyà yín mu. Ti RG6 àti ti RG59 kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á.

Bí ẹ bá fẹ́ so wáyà méjì pọ̀, ẹ fi kọnẹ́kítọ̀ sí ẹnu méjèèjì. Ẹ ra jọ́ínà, irin kékeré tó ní ẹnu méjì. Ẹ yí wáyà kan wọ ọ̀tún, èkejì wọ òsì. Ọgbà náà kò ya, àárín sì pàdé àárín. Owó jọ́ínà kò pọ̀ rárá. Ó ń dùn mí pé nítorí owó kékeré yìí ni wọ́n fi ń fi ọ̀rá wé wáyà káàkiri ìlú.

Bí ìsopọ̀ bá wà ní ìta, omi ni kí ẹ bá jà. Ọ̀rá kò dára, ó ń kó omi pamọ́. Téèpù rọ́bà kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí a bá fà á. Òun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi téèpù dúdú lásán bò ó. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa wé e lọ sókè, kí ti òkè máa gun ti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a ti ń to páànù sórí ilé náà ni, kí omi lè máa ṣàn kọjá. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ẹnu téèpù yóò máa gba omi bí ẹnu ẹyẹ.

Bí ẹ bá ní tẹlifíṣọ̀n méjì tí ẹ fẹ́ fi eríà kan wò, irin ìpín wà tí a fi ń ya wáyà sí méjì. Ẹ mọ̀ pé ìdajì ni olúkúlùkù yóò rí. Ṣùgbọ́n dikódà díìṣì méjì kò lè pín wáyà kan báyìí, nítorí olúkúlùkù ń rán iṣẹ́ tirẹ̀ sí orí díìṣì. Orí díìṣì tó ní ẹnu méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì na wáyà méjì.

BÍ A ṢE Ń MỌ IBI TÍ ÀRÙN WÀ

Òjò ńlá lè dí àmì díìṣì lọ́nà ní òfuurufú. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ibi tó ń gbé àmì náà ránṣẹ́ jìnnà sí wa tó kìlómítà 36,000, omi òjò sì ń mu ún. Bí òjò bá dá, tí àwòrán padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dá tí àwòrán kò padà títí di ọjọ́ kejì, omi ti wọ wáyà. Lórí DStv, E48-32 ni ẹ ó máa kà lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ má sáré fọwọ́ kan abọ́ díìṣì. Bí ẹ bá yí i, ẹ ti fi wàhálà kejì kún ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ tú kọnẹ́kítọ̀ ẹ̀yìn dikódà, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ iná. Ẹ wo bàbà rẹ̀. Ṣé ó ń dán, tàbí ó ti di àwọ̀ ewé? Ẹ lọ wo gbogbo ojú ìsopọ̀ bákan náà, kí ẹ parí rẹ̀ sí ti orí díìṣì. Bí àwọ̀n bá ti dúdú, omi ti rìn nínú rẹ̀, nítorí àwọ̀n máa ń fa omi bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Ẹ gé e sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí àwọ̀n ti ń dán. Nígbà mìíràn, ìka mẹ́rin péré ni ẹ ó gé. Nígbà mìíràn, mítà mẹ́ta ni.

Dikódà yín lè fi iye méjì hàn yín: ọ̀kan fún agbára àmì, ọ̀kan fún bí ó ti dára tó. Ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan dára, tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ ka iye méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí wàhálà bá dé, ẹ tún kà á. Bí oníṣẹ́ bá wá, ẹ fi hàn án. Bí ó bá ní òun ti tún un ṣe, ẹ kà á níwájú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe bẹ́ẹ̀ nísinsin yìí. Ìwé rẹ̀ wà lórí tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù kan tó fi òwú so mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ ra RG6 dúdú, mítà 42, ọ̀kan ṣoṣo, kò sí ìsopọ̀ kankan láàárín. Ó ní ẹni tó ń ta ọjà náà kọ́kọ́ nawọ́ sí èyí tó funfun. Òun sì tẹ̀ síwájú, ó ka ara rẹ̀ sókè: “R, G, márùn-ún, mẹ́sàn-án. Ọmọ mi, bá mi gbé èkejì yẹn wá.”

Wáyà funfun àtijọ́ náà ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Aṣọ ni ó ń sá lé e.